Ihò Tí Ọ̀gá Sùlè Ní Ká Má Dí

Múfútàù, àbúrò ọkọ mi, ní kí n kó kásẹ́ẹ̀tì mi kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé. Ó ní ẹnì kan tó ń ta fóònù ti wo ibẹ̀, ibẹ̀ sì wù ú, pé ẹni tó ń ra àlòkù irin àti rọ́bà máa wá wọn ẹrù náà lọ ní Sátidé. Mo ní Sátidé á bá wa láyọ̀, ṣùgbọ́n èmi ò kó nǹkan kan. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe já sí, màá dé ibẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, torí ẹ̀yin lẹ máa ń kọjá níwájú ilé wa ní Ṣógúnlé, tí ẹ ń yọjú wo inú ṣọ́ọ̀bù náà, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Fóònù yín dára ju tèmi lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

Mùlíkátù lorúkọ mi, ọmọ Ìsẹ́yìn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ilé-kéwú ni mo fi kún un. Láti Ṣógúnlé títí dé Ọ̀ṣọ́dì, Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ọkọ mi, Ràṣídì, kú lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá. Ọ̀fọ̀ rẹ̀ ṣì wà lára mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ìyá àgbà tó máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ gbà á níyànjú, kó lọ sí ojúlé kejì.

Bàbá mi ló fà mí lé Ọ̀gá Sùlè lọ́wọ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó. Owó tí wọ́n san àti iye ọdún tí mo fi sìn, mi ò ní fi bébà ṣòfò lé e lórí. Ọ̀gá Sùlè fúnra wọn ni kí ẹ mọ̀. Ọmọ Ìlaròó ni wọ́n, wọ́n ga bí òpó iná, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó kírun àílà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa da ohùn láti inú kásẹ́ẹ̀tì kan sínú òmíràn: wàásù, orin, ìkíni tí ìyá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ lókè òkun. Ẹ̀rọ wọn ní ilé méjì. Èyí tó wà lápá òsì ń sọ̀rọ̀, èyí tó wà lápá ọ̀tún ń gbà á sílẹ̀.

Bọ́tìnnì kan wà lára ẹ̀rọ yẹn tó máa ń mú kí iṣẹ́ yá ní ìlọ́po méjì. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Ọ̀ṣọ́dì ló ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá Sùlè fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pa. Wọ́n ní bí kásẹ́ẹ̀tì bá ń sáré, etí èèyàn ò lè bá a sáré, ohun tí etí wa ò bá sì gbọ́, a ò gbọdọ̀ gbowó rẹ̀. Ẹni tó bá fi kásẹ́ẹ̀tì sẹ́nu ẹ̀rọ máa jókòó tì í ni, á gbọ́ ọ dópin. A kì í fò ó. A kì í dá a padà sẹ́yìn kó tó tán. A kì í dìde lọ ra ẹ̀kọ. Bí o bá tòògbé, Ọ̀gá á ti rí ẹ.

"Mùlí, kí ni Àlùfáà sọ lẹ́yìn tó wúkọ́?"

"Ọ̀gá, wọ́n ní ká máa ṣàánú."

"Ṣáájú ikọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ikọ́ ni mo bi ẹ́."

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wàá ti tún gbọ́ ọ. Mo sunkún títí, ìyá mi ní kí n fara dà á, pé ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìdí mi gbóná, ẹ má wulẹ̀ béèrè.

Ṣùgbọ́n òfin tó le jù ni ti ihò. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá kásẹ́ẹ̀tì láyé, ẹ gbọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ní eyín kékeré méjì lẹ́yìn. Bí eyín yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ á gbà kí o da ohùn tuntun lé ti àtijọ́, ti àtijọ́ á sì pa rẹ́. Bí o bá fi ẹnu ọ̀bẹ kán an, ihò á ṣẹ́ kù síbẹ̀, bọ́tìnnì pupa tí a fi ń gba ohùn kò sì ní lọ sílẹ̀ mọ́. Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ìyá, èyí tí a ti ń bí àwọn yòókù, Ọ̀gá ti kán eyín rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àdàkọ tó bá ń jáde lọ. Ohun tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ sì mọ̀ ni pé bí o bá ká bébà, tí o fi dí ihò náà, ẹ̀rọ á tún gbà fún ẹ.

"Ilẹ̀kùn tí mo tì ni ihò yẹn," ni Ọ̀gá máa ń wí. "Ẹni tó bá dí i, fọ́léfọ́lé ni."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Àǹtí Fúnmi wọlé. Tíṣà ni wọ́n ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsọlọ̀, Ire-Akari ni wọ́n ń gbé. Wọ́n kó kásẹ́ẹ̀tì sínú àpò ráfíà, wọ́n gbé e lé tábìlì bí ẹni gbé ẹyin.

"Àǹtí, wàásù ìjọ wo nìyí?" Ọ̀gá bi wọ́n.

"Kì í ṣe wàásù o, Ọ̀gá. Ẹ̀kọ́ yunifásítì ni. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ tí a sì ń kàwé pa pọ̀, a kì í lè dé kíláàsì, ni ẹnì kan bá ń bá wa gba ohùn dókítà wa sílẹ̀. Lítíréṣọ̀ òyìnbó ni, àti lámèyítọ́."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ká ka ohun tí òǹkọ̀wé kọ, ká wọ̀n ọ́n, ká sọ ibi tó ti dára àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó."

"Ìtàn tí ẹnì kan ti sọ tán, ẹlòmíì tún wá ń wọ̀n ọ́n?" Ọ̀gá wo inú àpò náà. "Kí ló tún dé tó fi nílò dókítà? Ṣé ara ìtàn náà ò yá ni?"

Àǹtí Fúnmi rẹ́rìn-ín títí ìborùn wọn fi já bọ́. Bí iṣẹ́ náà ṣe dé ọwọ́ wa nìyẹn. Èmi tí mo kéré jù nínú ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n gbé e fún, torí kò sí ẹni tó fẹ́ jókòó ti òyìnbó tí kò lórin.

Ẹ ó bi mí pé kí ni ọmọ ìwé mẹ́fà gbọ́ nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn ni mo gbọ́. Ọkùnrin kan, Dókítà Adéoyè, tó máa ń dúró pẹ́ kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó kàn, tó sì máa ń gbá tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ọmọ ilé-kéwú ni mí. Mo ti ka ohun tí mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ rí, mo kà á sórí, ìtumọ̀ wá bá mi lọ́nà. Kò jọ mí lójú. Mo jókòó, mo gbọ́. Nígbà tó ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibi tí inú ti ń bí i àti ibi tó ti ń fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó máa ń da Yorùbá mọ́ ọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dìde, tó ní ewì yìí dùn, Dókítà á ní: "Níbo? Fi ìka tọ́ ọ." Bí ẹlòmíì bá ní ẹni yìí burú nínú ìtàn, "Níbo? Fi ìka tọ́ ọ." Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí Àfáà wa ní Ìsẹ́yìn máa ń sọ náà nìyẹn, bí a bá ń ka ohun tí kò sí lára wàláà.

Lára àwọn tó ń wá gba àdàkọ ni Ràṣídì wà. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀, bó bá ṣe iṣẹ́ ọ̀sán lọ́sẹ̀ yìí, á ṣe ti àárọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò lè dé kíláàsì láé. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni yunifásítì tirẹ̀ wà. Kì í gba kásẹ́ẹ̀tì kó lọ bíi tàwọn yòókù. Á dúró, á bi mí ní ohun tí mo gbọ́. Nígbà kan, mo sọ fún un pé ti ọ̀sẹ̀ yẹn kò yé mi rárá, pé Dókítà kàn ń sọ nípa ẹni tó ń sọ ìtàn ṣáá.

"Mùlíkátù, nígbà tí Ìyá Bísí àti Ìyá Ramọ́ni jà nídìí ẹ̀rọ omi láàárọ̀, ta ló jẹ̀bi?"

"Ìyá Ramọ́ni ni."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìyá Bísí."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ohun tí Dókítà ń pariwo nìyẹn. Kí o tó gba ìtàn gbọ́, kọ́kọ́ wo ẹnu ẹni tó ti ń jáde, kí o sì wò ó bóyá ohun kan wà tó ń fi pa mọ́."

"Ìyẹn ni wọ́n ń sọ gírámà tó tó báyìí lé lórí?"

"Ìyẹn ni."

"Wọn ì bá ti wá sídìí ẹ̀rọ omi wa, Bọ̀dá Ràṣídì. Ọ̀rọ̀ ì bá ti tán."

Bí ó ṣe ń ṣe nìyẹn. Á gbé ohun tí mo gbọ́ ní òyìnbó kalẹ̀ fún mi ní Yorùbá, èmi náà á bá a jiyàn. Ọmọ iṣẹ́ àgbà wa, Tajú, á máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì inú àpótí!" Nígbà tí Ràṣídì wá sọ pé mo rẹwà, mo ní: "Níbo? Ẹ fi ìka tọ́ ọ." Ó ronú, ó na ìka sí etí mi. Àwọn ọmọkùnrin yòókù á ti na ìka síbòmíì. Mo mọ̀ níjọ́ náà pé màá fẹ́ ẹ.

Àwọn kan ń bi mí nígbà náà, wọ́n ṣì ń bi mí, pé kí ni lítíréṣọ̀ òyìnbó máa ṣe fún obìnrin tó ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ, ṣé á bá mi se ọbẹ̀ ni? Kò bá mi sebẹ̀ rí. Kí ni ọbẹ̀ ti bá mi rò rí? Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ẹ̀kọ́ kan kì í ṣe ti irú yín, ẹ wò ó dáadáa: ọ̀pọ̀ ìgbà, òun náà kò wọ ibẹ̀ rí.

Àjálù tiwa dé nínú oṣù ààwẹ̀. Gbogbo Ṣógúnlé ló ń béèrè wàásù, kásẹ́ẹ̀tì òfìfo sì tán ní ọjà. Ọ̀gá lọ sí Ìlaròó lọ kí ìyá wọn. Tajú wo orí pẹpẹ, ó rí àwọn ìyá kásẹ́ẹ̀tì Dókítà Adéoyè, tí ẹnikẹ́ni kì í fi kọrin. Ó mú ọ̀kan nínú wọn, ó ká bébà tí wọ́n fi di ṣúgà, ó dí ihò méjèèjì, ó da wàásù lé e. Iná tó lọ nígbà tó ń ṣe é lọ́wọ́ ni kò jẹ́ kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Àwọn Àǹtí Fúnmi máa ṣe ìdánwò lórí ẹ̀kọ́ inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an. Nígbà tí Ọ̀gá dé, tí wọ́n fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, tí Àlùfáà jáde síbi tí Dókítà yẹ kó wà, wọn ò pariwo. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ yọ bébà inú ihò náà, wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́.

"Tajú, kí nìyí?"

"Ọ̀gá, ẹ dákun. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni mo dà lé e. Kì í ṣe fújì."

"Ọlọ́run ló ní kí o bá òun dí ihò tí mo lu?"

Tajú kúnlẹ̀. Ọ̀gá ní kò sí ẹni tó ń wá ìkúnlẹ̀, kí èmi àti Tajú bọ́ sígboro, ká lọ wá àdàkọ ẹ̀kọ́ yẹn lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ti gbà á rí, ká má sì padà lọ́wọ́ òfo.

A rìn. A dé Ìsọlọ̀, a dé Òkòta, a rin Àgọ́ Palace já. Ohun tí mo rí níjọ́ náà, mi ò gbàgbé. Ẹni kan ti da ìkómọ ọmọ rẹ̀ lé Dókítà lórí. Ẹni kejì ti da orin lé e. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Gániyù ní òun ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tún máa béèrè rẹ̀, ìdánwò òun ti kọjá. Gbogbo wọn ló ti dí ihò. Tajú ń rìn lọ, ó ń kùn pé ṣebí òun nìkan kọ́. Mo ní: "Bọ̀dá Tajú, ìyẹn gan-an ló burú." Ilé Àǹtí Fúnmi ní Ire-Akari la ti rí ẹyọ kan, ẹ̀rọ sì ti jẹ ìdajì rẹ̀, ó rún bí ewé gbígbẹ.

Ọ̀gá jókòó tì í pẹ̀lú bíléèdì àti sẹ́lótéèpù. Wọ́n gé ibi tó dára lára ti Àǹtí Fúnmi, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ṣẹ́ kù lára ìyá kásẹ́ẹ̀tì. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ò ṣeé yọ. Ó wà lẹ́nu ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, bí wọ́n bá tún gé e, ọ̀rọ̀ Dókítà tó tẹ̀ lé e máa bá a lọ. Wọ́n bá fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé Dókítà á béèrè pé kí ni iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe lámèyítọ́, ohùn Àlùfáà á sì dáhùn ní Yorùbá pé: "Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí òkú, ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí ni kó sọ." Lẹ́yìn náà Dókítà á máa bá òyìnbó rẹ̀ lọ. Ọ̀gá ní kí a kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá gbà á.

Tajú ló fún Ràṣídì ní tirẹ̀. Kò kìlọ̀.

Bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti jẹ́ àdàkọ àdàkọ, ohùn gbogbo èèyàn á há, wọ́n á di ọ̀kan. Dókítà sì máa ń da Yorùbá mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Níbo ni Ràṣídì ti fẹ́ mọ̀? Ó gbọ́ gbólóhùn yẹn, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó kó o wọ inú ìdánwò, ó túmọ̀ rẹ̀ sí gẹ̀ẹ́sì, ó kọ ojú ewé tó pọ̀ lé e lórí, ó ní gẹ́gẹ́ bí Dókítà Adéoyè ti wí.

Kò pẹ́ tí mọ́tò kékeré kan fi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Mo kọ̀yìn síta, mo ń fi sípírítì nu orí ẹ̀rọ.

"Ta ni Àlùfáà tó ń bá mi kọ́ àwọn ọmọ mi?"

Mi ò tíì yíjú tí mo fi mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ohùn tí mo ti ń gbọ́ látọjọ́ yìí, ó wá lẹ́sẹ̀, ó wá lọ́wọ́. Ó kúrú! Mo ti rò pé á ga bí Ọ̀gá. Àǹtí Fúnmi ló júwe ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa fún wọn. Tajú ti wọ abẹ́ tábìlì.

Ọ̀gá Sùlè fún wọn ní àga, wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì sẹ́nu ẹ̀rọ fún wọn, wọ́n rò ó látòkèdélẹ̀. "Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ, Dókítà," Ọ̀gá wí. "Ẹ má bínú sí wa." Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni Ràṣídì ti ibi iṣẹ́ dé, òwú ilé-iṣẹ́ wọn ṣì wà nírun rẹ̀.

"Ìwọ ni Ràṣídì," ni Dókítà wí. "Mo bi ẹ́ ní ìbéèrè nípa ewì, o fi wàásù dá mi lóhùn."

"Sà, ẹ̀yin lẹ ní ká má sọ ohun tí ojú wa ò rí nínú ìwé. Ohun tí Àlùfáà sọ náà nìyẹn. Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ òótọ́, ṣé ẹnu tó ti jáde ló kàn?"

"Ó dára. Nínú ewì tí mo bi ẹ́ yẹn, kí ni ojú tìrẹ rí? Fi ìka tọ́ ìlà kan fún mi."

Ràṣídì na ìka, kò mọ ibi tó máa nà án sí.

"O rí i? O ò ka ewì náà. Ohùn mi lo kà. Ohùn mi kì í ṣe ìwé. Kásẹ́ẹ̀tì á sìn ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, kò ní bá ẹ wọlé."

Wọ́n fún un ní òdo. Kò sí àánú níbẹ̀, mi ò sì ní parọ́ mọ́ wọn. Ọ̀gá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún ẹ̀kọ́ náà sọ sínú kásẹ́ẹ̀tì tuntun. Dókítà dìde, wọ́n ní kí a fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, pé ẹni tó bá ti ka ìwé á mọ ibi tí Àlùfáà ti wọlé. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà sí Ọ̀gá. "Ṣùgbọ́n Àlùfáà yín ò purọ́."

Ràṣídì fi òdo yẹn yangàn títí ó fi kú. Ó lọ ra ìwé ewì náà lábẹ́ bíríìjì Ọ̀ṣọ́dì, ó kà á títí èèpo rẹ̀ fi já. Ó tún ìdánwò náà ṣe, ó yege. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ aṣọ kógbá sílé, lítíréṣọ̀ náà ló fi jẹun: ó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní lẹ́sìnnì ní Òkòta. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra wa, bí a ti ń ṣe é nílé nìyẹn: kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Dókítà bá sọ ohun kan, èmi á dá a dúró, Ràṣídì á ṣí ìwé, á wá a kàn, á sì fi ìka tọ́ ọ. Ibì kan wà tó wá títí tí kò rí i. Ó ní Dókítà ti gbàgbé. Inú rẹ̀ dùn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀rọ wá ń yí padà. Ọ̀gá Sùlè ti kú, mo ti gbé iṣẹ́ wá síwájú ilé àwọn ọkọ mi. Kásẹ́ẹ̀tì di àwo sídì, mo kọ́ ọ. Àwo di kọ̀ǹpútà, mo lọ jókòó ti ọmọ kan tó ń jẹ́ Sẹ́gun ní Àgọ́ Palace títí ó fi yé mi. Ó di mẹ́mọ́rì káàdì, mo kó gbogbo ẹ̀kọ́ Dókítà sínú ohun tí kò tó èékánná. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ má rò pé torí mi ò mọ̀ ọ́n ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin kan ní Ọ̀ṣọ́dì fi yé mi pé ohun tí mo ń fi gbogbo ọjọ́ ṣe, ìṣẹ́jú kan ni òun fi ń ṣe é.

"Mama, ó ti parí!"

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Kí n gbọ́ kẹ̀? Mama, mo ní ó ti wọlé."

Ó ti wọlé lóòótọ́. Ta ló wọlé fún? Mo gbé e lọ sílé, mo gbọ́ ọ dópin, ìdajì ẹ̀kọ́ kan ò sí níbẹ̀. Mo gbé e padà fún un. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Nígbà tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ onílé méjì já, tí mi ò rí òmíràn rà mọ́, mo fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní iṣẹ́ mi ti kú. Ó kú lóòótọ́. Ohun tó bá kú, ṣé wọ́n ní kò wà láyé rí ni?

Ràṣídì náà wá kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Lọ́jọ́ fídáù ọjọ́ kẹjọ, èrò kún ilé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ Ràṣídì. Èèyàn dáadáa ni. Onísùúrù ni. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n sọ nípa Gániyù nígbà tí òun náà kú, tí wọ́n sì máa sọ nípa ẹni tó bá tún kú. Ọ̀rọ̀ náà ń gba orí ọkọ mi kọjá bí orin tí wọ́n dà lé ẹ̀kọ́. Nígbà tí Múfútàù dìde, tó ní ẹ̀gbọ́n òun dára, n kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

"Níbo? Ẹ fi ìka tọ́ ọ."

Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ti dà mí lórí rú. Wọ́n fún mi lómi. N kò mu ún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Múfútàù ní kí n kó kásẹ́ẹ̀tì kúrò. Sátidé pé lóòótọ́, ó dé pẹ̀lú ẹni tó ń ra àlòkù, Lásísì lorúkọ rẹ̀, òṣùwọ̀n wà léjìká rẹ̀.

"Ìyàwó, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ dariwo," Múfútàù wí. "Ilé bàbá wa ni. Ẹrù yìí ò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́."

"Ẹ jókòó, ọkọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ ta nǹkan, ó yẹ kó mọ ohun tó ń tà. Ẹ gbọ́ ojú kan péré lára kásẹ́ẹ̀tì kan. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, tí ẹ ṣì ní kò wúlò, kọ́kọ́rọ́ rèé."

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ní ìdí ìró mi, mo gbé e lé tábìlì, níwájú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó máa mú un.

Mo fi kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n so pọ̀ yẹn sínú rédíò kékeré tó ṣẹ́ kù, mo tẹ̀ ẹ́. Dókítà bẹ̀rẹ̀. Lásísì ń rẹ́rìn-ín òyìnbó náà. Múfútàù ń wo aago. Dókítà gbá tábìlì, ó béèrè ìbéèrè rẹ̀, ó dúró. Àlùfáà sì wọlé: "Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí òkú, ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí ni kó sọ."

Múfútàù ta gìrì. "Ta nìyẹn?"

"Òun ló mú kí ẹ̀gbọ́n yín gba òdo. Ẹ ní èèyàn dáadáa ni wọ́n lọ́jọ́ fídáù. Mo ṣì ń dúró de ibi tí ẹ ti rí i."

Dókítà ń sọ̀rọ̀ lọ láàárín wa. Múfútàù ya ẹnu, ilẹ̀ ló sì ń wò.

"Nígbà tí mo wà ní kékeré, òjò kan rọ̀. Bọ̀dá mi ń ti Ìsọlọ̀ bọ̀. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi wé rédíò yìí, ó fi ara lásán wọlé. Ìyá wa ní ṣé orí rẹ̀ pé. Ó ní tí òun bá tutù, òun á gbẹ, pé ohùn kì í gbẹ." Ó nu imú. "Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Mo rí i. Ó ń gbọ̀n, ó sì ń rẹ́rìn-ín."

Látìgbà tí Ràṣídì ti kú, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi ìka tọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún mi. N kò sunkún níwájú rẹ̀. Mo gbójú sókè.

"Ìyàwó," ó ní, "ẹ bá mi dá a padà díẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tí Dókítà sọ lẹ́yìn Àlùfáà."

"A kì í dá a padà níbí kó tó tán. Ẹ jókòó."

Ó jókòó. Lásísì wo èmi, ó wo òun, ó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní ẹrù wa ò tíì ṣeé rà, ó lọ. Nígbà tí ojú kìíní tán, Múfútàù ló na ọwọ́, ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó yí i sí ojú kejì. Kò sọ pé kí n dúró sí ṣọ́ọ̀bù, n kò sì bẹ̀ ẹ́. Mo kàn mú kọ́kọ́rọ́ mi lórí tábìlì, mo so ó mọ́ ìdí ìró mi padà.

Ẹ̀yin ọmọ, àga wà. Bí ẹ bá ń kọjá ní Sátidé, ẹ wọlé, ẹni tó bá níwèé kó mú un dání. Ihò tí Ọ̀gá Sùlè lu ṣì wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ dí i, kó kọ́kọ́ wá gba ọ̀dọ̀ mi kọjá.